Kámpà Tí A Fi Ọ̀rá Dì

Ọkùnrin náà wà lórí ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n gbé sórí igi láàárín yáàdì, atẹ́gùn sì fẹ́ gba aṣọ ọwọ́ rẹ̀. Aṣọ aláwọ̀ eérú ni, ó gùn tó yàrá méjì, ó sì ń fà á síwá sẹ́yìn bí ẹni tó ń bá màlúù jìjàkadì. Ó fi orúnkún tẹ etí kan mọ́lẹ̀, ó fi eyín di okùn mú, síbẹ̀ ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹniafẹ́ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú fóònù létí, ó sì gbàgbé ohun tó ń bá bàbá rẹ̀ sọ.

"Dádì, ẹ jẹ́ n pè yín padà," ló sọ nígbà tó rántí. "Wèrè kan ni mò ń wò níbí. Atẹ́gùn fẹ́ gbé e lọ."

Ohùn kan dáhùn láti òkè, pẹ̀lú Yorùbá Ọ̀yọ́ tó dán mọ́rán. "Wèrè náà gbọ́ o, mà. Tí ẹ bá fẹ́ kó yè, ẹ bá a di etí aṣọ yẹn mú."

Ojú ti Ẹniafẹ́. Ó ju fóònù sápò, ó sáré lọ fi ọwọ́ méjèèjì di etí aṣọ náà mú. Bí wọ́n ṣe jọ bo ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ náà nìyẹn, òun nílẹ̀, ọkùnrin náà lókè, láìtíì mọ orúkọ ara wọn.

Akínlọ́lá ni ọkùnrin náà ń jẹ́. Ọdún mẹ́tàlá ló fi rán aṣọ àga mọ́tò ní Ọ̀yọ́ kó tó dé Amẹ́ríkà. Nísinsìnyí, yàrá kan ló gbà ní Hillcrest Heights, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní yáàdì yìí ní Landover, lẹ́yìn àwọn ilé ìkẹ́rùsí. Sarah, obìnrin Amẹ́ríkà tó ni yáàdì náà, máa ń bá àwọn èèyàn tọ́jú ọkọ̀ ojú omi àti kámpà láti ìparí Ọ̀tóbà títí di Épírì, títí òtútù á fi lọ. Akínlọ́lá ló ń wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, òun ló sì ń bá ẹni tó ni ín yan ìbòrí tó yẹ ẹ́.

Nọ́ọ̀sì ni Ẹniafẹ́. Iṣẹ́ wákàtí méjìlá ló ṣẹ̀ṣẹ̀ parí láàárọ̀ ọjọ́ náà, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn. Ó ní kámpà bàbá òun lòun bá wá, ilé kékeré onítáyà tí àwọn òbí òun máa ń so mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò tí wọ́n bá fẹ́ rìnrìn-àjò. Iwájú ilé wọn ní Hyattsville ló wà, àwọn aládùúgbò sì ti ń kùn.

Akínlọ́lá béèrè orúkọ rẹ̀ kó lè kọ ọ́ sínú ìwé. Nígbà tó gbọ́ ọ, ó dá bírò dúró.

"Ẹniafẹ́. Àwọn òbí yín ò ṣàánú àwa ọkùnrin rárá. Orúkọ yín ti sọ gbogbo ohun téèyàn ì bá sọ tán."

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ jàre," ni Ẹniafẹ́ sọ, ṣùgbọ́n ó ti ń rẹ́rìn-ín.

Akínlọ́lá mú un yí yáàdì ká. Ó fi tapólì búlúù hàn án lórí ọkọ̀ ẹnì kan, bí atẹ́gùn ṣe ń fi í gbo ara ọkọ̀ náà títí ọ̀dà fi ń ṣí. Ó fi ọ̀rá funfun hàn án, èyí tí wọ́n máa ń fi iná yọ́ títí á fi lẹ̀ mọ́ ọkọ̀ gírígírí. Ó ní ọ̀rá yẹn dára fún ọkọ̀ ojú omi bí wọ́n bá dá ihò afẹ́fẹ́ sí i, ṣùgbọ́n bí kò bá síhò, ọ̀rinrin tó wà nínú á di omi, omi á máa kán sílẹ̀, gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ á sì bu. Lẹ́yìn náà ló na aṣọ aláwọ̀ eérú yẹn fún un kó fọwọ́ kàn án. Ó ní òjò kì í gba òkè rẹ̀ wọlé, ṣùgbọ́n ooru inú máa ń rí ọ̀nà jáde, ó sì ní síìpù lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí bàbá rẹ̀ lè gbà wọlé nígbàkígbà. Ó sọ bí òun á ṣe fi fóòmù wé àwọn igun kámpà kí wọ́n má baà gún aṣọ náà, àti bí òun á ṣe gbé igi sí àárín òrùlé kí yìnyín lè máa yọ̀ sílẹ̀.

Ẹniafẹ́ ti rí àwọn dókítà tí kì í fara balẹ̀ tó báyìí lórí èèyàn. Ó ní aṣọ eérú yẹn lòun mú. Nígbà tó máa lọ, Akínlọ́lá fún un ní nọ́ńbà fóònù yáàdì, ó sì fi tirẹ̀ kún un.

Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ohun tó wà lọ́kàn bàbá Ẹniafẹ́. Bàbá Ọládẹ̀jọ ti wa bọ́ọ̀sì fún ọdún méjìlélógún kó tó fẹ̀yìn tì. Kámpà yìí lòun àti ìyàwó rẹ̀, Yẹ́misí, rà láti fi najú ní ọjọ́ ogbó wọn, ìrìn-àjò mẹ́rin péré ni wọ́n sì lọ kí àìsàn tó gba Yẹ́misí lọ́wọ́ rẹ̀ nínú oṣù Kẹta. Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ìyá ìjọ wá palẹ̀ ilé mọ́, wọ́n kó aṣọ olóògbé ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí rẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Kámpà nìkan ni wọn ò dé. Ìró rẹ̀ méjì ṣì wà níbẹ̀ lórí ìkọ́, sálúbàtà rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, jígí ìkàwé rẹ̀ wà lórí Bíbélì.

Ọjọ́ kejì, nígbà tí Ẹniafẹ́ wà níbi iṣẹ́, bàbá fúnra rẹ̀ ló fa kámpà náà dé Landover. Akínlọ́lá dọ̀bálẹ̀, ó sì gbé aṣọ eérú jáde. Bàbá fi ìka tẹ aṣọ náà.

"Ṣé afẹ́fẹ́ inú á máa ríbi jáde?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ìdí tó fi dára nìyẹn."

"Bó bá rí bẹ́ẹ̀, mi ò fẹ́ ẹ."

Akínlọ́lá rò pé bàbá ò gbọ́ òun yé. Ó tún ọ̀rọ̀ náà ṣe, ó ṣàlàyé ọ̀rinrin, ó ṣàlàyé bíbu. Bàbá kò jà. Ó ṣí ilẹ̀kùn kámpà díẹ̀, ó ní kí ọmọkùnrin náà gbé imú síbẹ̀. Òróró àgbọn ni Akínlọ́lá gbọ́, àti lọ́fínńdà díẹ̀.

"Ìyàwó mi nìyẹn," ni bàbá sọ. "Kò sí i nínú ilé mọ́. Ibí nìkan ló kù. Àràárọ̀ ni mò ń wá jókòó níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Fi ọ̀rá dì í. Má dá ihò kankan sí i."

Akínlọ́lá bẹ̀ ẹ́ kí òun dá ihò kékeré méjì péré sí i. Bàbá kọ̀ jálẹ̀. Òun ló ni ín, ó sì fọwọ́ sí ìwé. Akínlọ́lá fi iná yọ́ ọ̀rá náà títí ó fi lẹ̀ mọ́ kámpà yíká, ó funfun báláú bí ẹyin, ó wá gbé e sí ẹ̀yìn yáàdì lọ́hùn-ún. Nígbà tí Ẹniafẹ́ béèrè nílé, bàbá ní ọ̀rá lòun yàn, àti pé wọ́n ti dá ihò sí i. Ẹniafẹ́ gbà á gbọ́. Kò ronú kan pé bàbá òun lè purọ́ fóun.

Ìgbà òtútù yẹn ni ìfẹ́ Ẹniafẹ́ àti Akínlọ́lá dàgbà. Akínlọ́lá máa ń gbé ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ wá pàdé rẹ̀ ní ibùdó mẹ́tírò, nítorí ó ní àwọn nọ́ọ̀sì máa ń tọ́jú gbogbo ayé tán kí wọ́n tó rántí pé wọn ò tíì jẹun. Ó ń pè é ní "Nọ́ọ̀sì mi". Òun náà ń pè é ní "Tẹ́lọ̀", ó sì máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bó bá rí èèyàn, ejìká ló kọ́kọ́ máa ń fojú wọ̀n. Nígbà tí Kérésìmesì fi máa dé, "ẹ" ti kúrò láàárín wọn. Ọjọ́ ọdún ni Ẹniafẹ́ mú un lọ rí bàbá, ó ní ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ òun nìyí.

Bàbá kọ́kọ́ fajú ro. Ó ní ọmọ tóun fi bọ́ọ̀sì wíwà rán níléèwé, aránṣọ ọkọ̀ ló wá mú wálé. Ṣùgbọ́n Akínlọ́lá kì í bínú. Ó tún àga ìjókòó bàbá rán, ó ń bá a wo bọ́ọ̀lù lọ́sàn-án Sunday, ó ń jẹ́ kó sọ̀rọ̀ Yẹ́misí títí á fi rẹ̀ ẹ́. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í bu oúnjẹ sílẹ̀ dè é. Wọ́n mú oṣù Karùn-ún fún ìmọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́.

Ní oṣù Jánúárì, yìnyín rọ̀, lẹ́yìn náà oòrùn mú fún ọjọ́ mẹ́ta bí ìgbà tí òtútù ti lọ. Akínlọ́lá ń yẹ àwọn ọkọ̀ wò lẹ́yìn yáàdì nígbà tó rí i pé inú ọ̀rá tó wà lára kámpà bàbá ti kún fún omi, ó ń kán tótó bí ẹni ń làágùn. Ó lọ bá Sarah pé kó gba òun láyè láti ya ọ̀rá náà, kóun sì fi aṣọ bo kámpà lọ́fẹ̀ẹ́. Sarah ní kó lọ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Lọ́jọ́ ìsinmi rẹ̀, ó lọ sí Hyattsville nígbà tó mọ̀ pé bàbá nìkan ló wà nílé.

Bàbá gbọ́ ọ tán, ó sì mi orí. Ó ní bó bá tilẹ̀ ku òórùn díẹ̀, kó wà níbẹ̀. Akínlọ́lá ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, òun á sọ fún Ẹniafẹ́. Ibẹ̀ ni bàbá ti jẹ́wọ́ pé òun ti purọ́ fún Ẹniafẹ́ pé ihò wà lára rẹ̀. Bàbá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Má sọ fún un. Á ní mo ti ń ṣiwèrè. Á gbé mi lọ sí ilé àwọn arúgbó. Bí o bá fẹ́ jẹ́ ọmọ mi, bò mí láṣìírí."

Akínlọ́lá kò ní bàbá láyé mọ́. Ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè é lọ́mọ. Ó panu mọ́.

Nínú oṣù Épírì, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ lọ sí yáàdì lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí igi gbogbo ń yọ òdòdó. Ẹniafẹ́ ló ní òun fẹ́ ya ọ̀rá náà fúnra òun. Ó fi ọ̀bẹ ya á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn. Ohun tó jáde sí i kì í ṣe òróró àgbọn. Òórùn ilẹ̀ tútù ni, bí ibi tí omi ti dá sí tipẹ́. Ògiri ti dúdú. Ìró méjèèjì ti bu, nígbà tó sì fọwọ́ kan ọ̀kan, ó já sí i lọ́wọ́. Bíbélì ti wú, ojú ewé rẹ̀ ti lẹ̀ pọ̀, ohun tí ìyá rẹ̀ fi bírò kọ sí etí ojú ewé ti ṣàn lọ.

Ẹniafẹ́ jáde, ó yí kámpà náà po, ó ń fọwọ́ wá ara ọ̀rá náà. Kò rí ihò kankan. Ó kọjú sí Akínlọ́lá.

"Dádì ní o dá ihò sí i."

Akínlọ́lá wo bàbá. Ó dúró dè é. Bàbá ń wo ìró tó wà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀.

"Èmi kì í ṣe oníṣẹ́," ni bàbá sọ níkẹyìn. "Òun ló dì í."

Akínlọ́lá yíjú sí Ẹniafẹ́. "Òótọ́ ni. Èmi ni mo dì í."

Ẹniafẹ́ dúró pé bóyá á fi nǹkan kan kún un, kò fi kún un. Ẹniafẹ́ kó ohun tó ṣeé kó, ó gbé bàbá rẹ̀ sínú mọ́tò. Lọ́jọ́ kejì ló ránṣẹ́ sí Akínlọ́lá pé kó má wá mọ́. Wọn ò ṣe ìmọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ kankan ní oṣù Karùn-ún. Ó ń gba iṣẹ́ kún iṣẹ́ nílé ìwòsàn, bó bá sì délé, bàbá rẹ̀ kì í lè wo ojú rẹ̀. Ẹniafẹ́ rò pé ìbànújẹ́ ikú ìyá òun ló fà á.

Nínú oṣù Ágọ́ọ̀sì, Sarah pè é kó wá fọwọ́ sí ìwé lórúkọ bàbá kí wọ́n lè kó kámpà náà dànù. Bí ó ṣe ń fọwọ́ sí i ni Sarah ní ó ṣe òun láàánú pé bàbá kò gbà. Ẹniafẹ́ béèrè pé kí ni bàbá kò gbà. Sarah rò pé Ẹniafẹ́ ti mọ̀ ni. Ó sọ bí Akínlọ́lá ṣe tọrọ àyè ní Jánúárì, bó ṣe fi ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ lọ sí Hyattsville, àti bó ṣe padà wá sọ pé bàbá ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ó ní Akínlọ́lá ti kúrò lọ́dọ̀ àwọn láti Júùnù. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń rán àga ní Temple Hills ló wà báyìí.

Ẹniafẹ́ bá bàbá rẹ̀ nínú ilé ìdáná. Kò gbé ohùn sókè. Ó kàn béèrè bóyá Akínlọ́lá wá ní Jánúárì. Bàbá gbé ife tíì sílẹ̀, ó jókòó, ó sì sọ gbogbo rẹ̀, láti orí irọ́ àkọ́kọ́ dé orí ọ̀rọ̀ tó sọ ní yáàdì.

"Mo pàdánù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ọwọ́ mi ni mo sì fi pàdánù rẹ̀," ni ó sọ. "Mi ò lè jẹ́wọ́ rẹ̀ lójú rẹ. Mo gbé ẹ̀bi náà lé ọmọ ọlọ́mọ lórí."

Ẹniafẹ́ dìde. Ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, ó kọjá sí Temple Hills.

Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ló ti bá Akínlọ́lá. Ó ti rù. Ó dìde nígbà tó rí i, kò sì mọ ibi tí ì bá fi ọwọ́ sí.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Wọ́n bẹ̀ mí."

"Èmi ńkọ́? Ta ló bá mi bẹ̀ ọ́?"

Akínlọ́lá gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀. "Òun nìkan ló kù fún ẹ. Mo ní dípò kí o máa bínú sí i, kí n kúkú jẹ́ ẹni tí o máa bínú sí."

"Ta ló fún ẹ láṣẹ kí o bá mi yan ẹni tí màá bínú sí?"

Ẹniafẹ́ gbé ọwọ́ lé ẹ̀rọ ìránṣọ náà.

"Ká ní o sọ ọ́ ní Jánúárì, èmi ni ǹ bá lọ ya ọ̀rá yẹn. Ìró Mọ́mì ì bá wà. Ìkọ̀wé ọwọ́ wọn ì bá wà. Ṣé o mọ̀?"

"Mo mọ̀," ni Akínlọ́lá sọ. "Mo fẹ́ kí Dádì fẹ́ràn mi. Ìyẹn náà wà níbẹ̀. Kì í ṣe nítorí tìrẹ nìkan."

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí ló mú Ẹniafẹ́ jókòó. Bó bá jẹ́ pé Akínlọ́lá ń dá ara rẹ̀ láre ni, òun ì bá jáde lọ. Ó sunkún níbẹ̀, láàárín fóòmù àti aṣọ àga, Akínlọ́lá sì dúró sí ibi tó wà, kò sún mọ́ ọn.

Ẹniafẹ́ padà wá ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó tún wá ní èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn. Nígbà míì ó máa ń bínú débi pé kì í pẹ́ kó tó lọ. Ní ìparí Sẹ̀tẹ́ńbà, ó wí fún un pé, "Mi ò tíì dárí jì ẹ́ tán. Mo ti gbìyànjú kí n má fẹ́ ẹ mọ́, kò ṣeé ṣe. Tí o bá máa fẹ́ mi, ohun kan ni mo fẹ́. Ohun yòówù kó jẹ́, bó ti wù kó dùn mí tó, ẹnu rẹ ni kí n ti gbọ́ ọ."

Akínlọ́lá ní òun gbà. Kò fi ohun dídùn kankan kún un, ó sì tẹ́ Ẹniafẹ́ lọ́rùn bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Friday kan nínú Ọ̀tóbà ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó wọn ní kóòtù Upper Marlboro. Sarah ló wá ṣe ẹlẹ́rìí. Bàbá kò wá. Ó ti sọ fún Ẹniafẹ́ pé ojú ń ti òun, pé òun ò ní ẹnu tóun á fi súre, Ẹniafẹ́ kò sì fi ipá mú un. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni gbogbo rẹ̀ gbà. Nígbà tí wọ́n jáde sí orí àtẹ̀gùn, tí Sarah ti lọ, òtútù ń mú, ìyàwó wọ aṣọ òtútù lé aṣọ funfun rẹ̀.

Ó di ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú. "Ṣé nǹkan kan wà tí o ò tíì sọ fún mi?"

Akínlọ́lá wo bàtà ara rẹ̀.

"Ó wà. Dádì pè mí láàárọ̀ yìí. Wọ́n fẹ́ gbàdúrà fún wa, ẹkún ò jẹ́ kí wọ́n parí ẹ̀. Wọ́n ní kí n má sọ fún ẹ."

Ẹniafẹ́ wò ó lójú. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn òkúta tútù náà pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀, ó sunkún díẹ̀, lẹ́yìn náà ó nu ojú rẹ̀, ó sì na kọ́kọ́rọ́ mọ́tò sí ọkọ rẹ̀.

"Ìwọ ni kí o wà á," ló sọ. "Hyattsville là ń lọ. Ká lọ bá wọn parí àdúrà yẹn."